Fìlà Ìdí-Ahùn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí bí ọjà ṣe ń lọ lásìkò ọdún Igogo. Gbogbo Ọ̀wọ̀ ló mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́tàdínlógún gbáko ni ọkùnrin kò gbọdọ̀ dé fìlà, obìnrin kò gbọdọ̀ wé gèlè, kò sì gbọdọ̀ sí ìlù, àfi agogo. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àṣà ni, mi ò bá àṣà jà. Ṣùgbọ́n èmi Jamaldeen, onífìlà ọmọ onífìlà, tí ṣọ́ọ̀bù mi wà láàárín ìlú láti ayé bàbá mi, kí ni kí n máa tà? Ṣé irun ni kí n máa rán mọ́ wọn lórí ni? Ọdọọdún ni mo máa ń ráhùn, ọdọọdún sì ni ìyàwó mi Muslimat, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, máa ń fi mí rẹ́rìn-ín pé, "Bàbá Onífìlà, ẹ jẹ́ kí orí ìlú gba afẹ́fẹ́ díẹ̀ náà."

Nísinsìnyí, obìnrin tó jókòó sídìí maṣíìnì kejì ló ń fi mí rẹ́rìn-ín. Olúyẹ́misí lorúkọ rẹ̀, Yẹ́misí ni a ń pè é. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bó bá sì ń rìn lọ láàárín ọjà, ó máa ń bojú wẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Poli tó ń wá ra fìlà lọ́wọ́ wa rò pé ọmọ mi ni. Kì í ṣe ọmọ mi. Èmi ni mo rán fìlà tí wọ́n fi jí ọdún mẹ́rìnlélógún gbé nínú ayé rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì ní yọ ara mi kúrò níbẹ̀.

Tí ẹ bá gba ọ̀nà Òkèlúsè, tí ẹ wá yà sínú igbó, ẹ óò rìn títí ẹ ó fi bá igi ahùn ńlá kan. Láti ìdí igi yẹn lọ, kòkó ni, kòkó ni, títí dé etí odò. Ẹnì kan ṣoṣo ló ni gbogbo rẹ̀. Olúyọmí ni wọ́n sọ ọ́, ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ṣùgbọ́n Onílẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè é. Bàbá rẹ̀ ló kó àwọn àtọ̀húnrìnwá lọ síbẹ̀ láyé àtijọ́, ó ní kí wọ́n máa ro oko òun, kí wọ́n máa sin òun. Òfin ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ilẹ̀ tó bí ọ ló ni ọ́. Ọmọ tí wọ́n bá bí ní Ìdí-Ahùn, ti Ìdí-Ahùn ni, òun àti ọmọ tí òun náà bá bí.

Nígbà tí bàbá yẹn kú, Olúyọmí ti òkè òkun dé pẹ̀lú ìmọ̀ kan tí mi ò tíì rí ẹni tó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó gbé agolo wáyà kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Wáyà náà tín ju irun orí ọmọ tuntun lọ, ó sì tutù lọ́wọ́ bí ẹja. Ó ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ sáàárín aṣọ òkè àti aṣọ inú fìlà, yípo yípo títí dé àtàrí. Mo ní kí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ó ń dènà ẹ̀fọ́rí oòrùn fún àwọn ará oko òun. Mo gbà á gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́, mo fẹ́ gbà á gbọ́ ni.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ wa tí ẹni tí kì í ṣe onífìlà kò ní mọ̀. Bàbá mi kọ́ mi pé fìlà tí o kò bá dé sórí ara rẹ kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ yóò wọ́ ni dandan. Nítorí náà, bí mo bá ti rán ọ̀kan tán, orí mi ló ń lọ. N óò dé e síbẹ̀ kó gba ìrísí orí, n óò sì máa rán èyí tó kàn lọ. Fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń dé fìlà Onílẹ̀ wò. Nígbà mìíràn, mo máa ń dé e lẹ́yìn ìrun Àyìlá, ohun tí n óò tún mọ̀ ni pé wọ́n ti ń pe ìrun Mọ̀gáríbì, iṣẹ́ sì ti parí níwájú mi láìmọ bí mo ṣe ṣe é. Mo ní ọjọ́ orí ni.

Ọ̀sán ọjọ́ Ọjọ́rú kan ni Muslimat kú, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ibà ló dá a dùbúlẹ̀. Aṣọ tí a ta sẹ́nu ọ̀nà nìkan ló wà láàárín wa. Àwọn aládùúgbò ní nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n bá mi nídìí maṣíìnì, fìlà lórí mi, ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀ ẹ́ lọ, tí òkú sì ti ń tutù lẹ́yìn mi. Mo rántí àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo rántí ìsìnkú. Àárín méjèèjì ṣófo. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ló pa á rẹ́ nínú ọpọlọ mi, kí n fara mọ́ ọn. Mo fara mọ́ ọn.

Lóṣù Ògọ́ọ̀sì lọ́dọọdún, Gbọ́lá, alábòójútó oko Onílẹ̀, máa ń fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí Ìdí-Ahùn kí n lọ wọn orí àwọn tó fẹ́ gba fìlà tuntun. Ẹnu géètì ni wọ́n máa ń kó wọn wá bá mi. Ọdún méjì sẹ́yìn, òjò ti wó òrùlé ẹnu géètì yẹn, Gbọ́lá bá gbé mi wọnú oko lọ, ó ní kí n jókòó síbi tí wọ́n ń sá kòkó sí títí di ìrọ̀lẹ́. Ìtọ̀ gbọ̀n mí. Mo yà sábẹ́ kòkó.

Mo rí obìnrin kan tó ń fọ́ kòkó. Ó dé fìlà mi, mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi níbikíbi. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Kò dáhùn. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nínú ojú náà. Mo yí orí sọ́tùn-ún, mo tún rí i. Obìnrin kan náà, lábẹ́ igi kejì, ó ń fọ́ kòkó tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, òmíràn. Mo kà wọ́n dé mẹ́sàn-án, obìnrin kan ṣoṣo náà, aṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́rùn wọn, ọ̀kan nínú wọn sì lóyún gbẹ̀ǹgẹ̀. Ewé gbígbẹ kún ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kò dún lórí rẹ̀. Mo pariwo "Aúsù bílláhì!" mo sì sá padà síbi àtẹ kòkó láìtọ̀. Àgbàlagbà bíi tèmi!

Nírọ̀lẹ́, Gbọ́lá fun fèrè. Gbogbo wọn ṣí fìlà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ń wo ọwọ́ wọn bí ẹni tó jí lójú oorun ní ilé ẹlòmíràn. Obìnrin tí mo rí ló kọ́kọ́ wá bá mi, ó mú ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìlá kan dání. Yẹ́misí nìyẹn, ọmọ rẹ̀ Ọmọ́yẹlé sì ni. Gbọ́lá ní kí n wọn orí ọmọ náà, pé ó ti tó gba fìlà, kò ní ju ìparí oṣù tó ń bọ̀ lọ, bí kòkó bá ti pọ́n. Lẹ́yìn náà ó lọ jẹun. Mo na okùn ìwọ̀n yí orí ọmọ náà ká. Orí kékeré. 

Yẹ́misí ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń rán an?"

Mo ní èmi ni.

"Ẹ rí wọn lábẹ́ kòkó, àbí? Ọmọ mi ní ẹ pariwo." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àná mi ni wọ́n. Bí a ṣe ń pè wọ́n níbí nìyẹn. A ó dé fìlà láàárọ̀, a ó ṣí i nírọ̀lẹ́, ọjọ́ ti lọ, a kò sì mọ bó ṣe lọ. Onílẹ̀ ló ń gbé e. Ọjọ́ wa ló ń jẹ tó fi ń padà di ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹni tó ni ín kò gbé, Bàbá, kì í kú. Ibi tó ti ṣiṣẹ́ ló máa ń rìn kiri sí."

Mo bi í kí ló dé tí wọn kò fi sá lọ.

"Ẹni tó bá sá dé oríta Òkèlúsè, yóò dúró gbagidi, kò ní mọ ibi tó ń lọ mọ́. Ọkọ mi sá lẹ́ẹ̀mẹta kó tó kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wá, tó ń bi mí bóyá mo mọ ẹni tí òun ń wá." Ó tọ́ka síbi tí mo jókòó sí. "Ìyá mi ti kú láti ọdún mọ́kànlá. Láràárọ̀ ló ń kọjá níbí yìí pẹ̀lú agbọ̀n lórí. Mo máa ń kí i pé ẹ káàárọ̀ o, Ìyá. Kì í dáhùn. Mi ò jáwọ́ nínú kíkí i."

Ọmọ náà ń fi àtàǹpàkò rẹ̀ ya ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ wò ó, ohùn rẹ̀ sì yí padà.

"Mo bí eléyìí, mi ò mọ ọjọ́ tó kọ́kọ́ rìn. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ. Ó ní nígbà tí òun kéré, òun máa ń pè mí lọ́sàn-án, òun á pè títí, mi ò ní dáhùn. Kò pè mí mọ́ báyìí. Tèmi ti bàjẹ́, ó ti bàjẹ́ náà nìyẹn. Ẹ bá mi yọ wáyà kúrò nínú tirẹ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Mi ò lè ṣèlérí. Gbọ́lá ní ohun èlò kan tó ń tàn tí ó fi máa ń yẹ fìlà kọ̀ọ̀kan wò kó tó gbà á. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ojú tì mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn, bí àgbà tí kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu ṣe máa ń ṣe. Mo ní àní Igogo tún ń bọ̀, pé gbogbo Ọ̀wọ̀ yóò ṣí fìlà, pé ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni n óò fi máa lé eṣinṣin ní ṣọ́ọ̀bù.

Yẹ́misí ní, "Gbogbo Ọ̀wọ̀?"

"Gbogbo Ọ̀wọ̀."

"Onílẹ̀ náà?"

Mo fẹ́ sọ pé Onílẹ̀ máa ń rìnrìn àjò lọ sókè òkun kí Igogo tó dé. Ọdọọdún ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àṣé ohun tó ń sá fún nìyẹn! Fìlà pupa kan wà lórí rẹ̀ tí kì í ṣí, èmi náà ni mo rán an. Wáyà inú rẹ̀ nípọn, òun ni ìyá fìlà, òun ló ń gba ohun tí àwọn yòókù ń gbé, bí fóònù ṣe ń gba ohùn láti ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn ó ti joyè. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára oyè láti ọjọ́ pípẹ́, owó àti ẹ̀bẹ̀ ló fi gbà á. Olóyè kò sì gbọdọ̀ wábi gbà lásìkò Igogo, ìta ló ń jókòó, lórí ṣíṣí. Oyè wọ̀ ọ́ lójú ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ. Mo sọ fún Yẹ́misí pé, "Lọ́dún yìí, òun náà yóò ṣí i. Bí kò bá ṣí i, ìlú yóò bá a ṣí i."

Ó wo ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá ní, "Bàbá, ilẹ̀ tí a wà yìí, ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ ni àbí ilẹ̀ Ọ̀sẹ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ ni, ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn. Gbogbo ènìyàn mọ̀."

"Lọ́dọọdún ni Onílẹ̀ máa ń dìde dúró níbí, tí á sọ fún wa pé ibikíbi tí ẹsẹ̀ òun bá tẹ̀, Ọ̀wọ̀ ni. Etí wa la fi ń gbọ́." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa. Kó jẹ́ Ọ̀wọ̀."

Mo padà sí ìlú, mo rán fìlà ọmọ náà. Mo fi wáyà sí i. Ẹ̀rù Onílẹ̀ bà mí, ẹ̀rù Gbọ́lá bà mí, mo sì fi wáyà sí i, ó pé pérépéré. Kò gba orí mi, orókún mi ni mo dé e lé láti fi wò ó. N kò lè sun dáadáa láti ọjọ́ náà títí Igogo fi dé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìdí-Ahùn láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ Igogo, Yẹ́misí ló sọ ọ́ fún mi. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò níbẹ̀, wákàtí díẹ̀ tó jẹ́ tiwọn nírọ̀lẹ́ ló fi ń lọ láti ahéré dé ahéré, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Láàárọ̀ yẹn, Gbọ́lá pín fìlà fún wọn, ọwọ́ ni wọ́n fi dì í mú. Kò sí ẹni tó dé e. Ó fun fèrè. Wọ́n dúró. Ó ní, "Ṣé orí yín pé? Ọ̀tẹ̀ lẹ ń bá Onílẹ̀ ṣe ni?"

Yẹ́misí jáde síwájú. Ó ní, "Ọ̀tẹ̀ kọ́ o, ọ̀gá. Igogo ni. Onílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ ni ibí yìí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bo orí ní Ọ̀wọ̀ lónìí. Ṣé a fẹ́ ba àṣà Onílẹ̀ jẹ́ ni?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò gbọ́ ẹ̀rín láàárọ̀ ní ilẹ̀ yẹn rí.

Gbọ́lá pe Onílẹ̀ lórí fóònù, kò gbé e. Inú bí i. Ó fa Ọmọ́yẹlé jáde láàárín wọn, ó sì dé fìlà tí mo rán sí i lórí tipátipá.

Yẹ́misí ní bí iná ṣe ń kú ni ojú ọmọ òun ṣe kú. Ó ní, "Ọmọ́yẹlé." Ọmọ náà tẹ̀ ba, ó mú àdá tó wà nílẹ̀, ó dojú kọ kòkó. "Ọmọ́yẹlé!" Ó ń rìn lọ. Yẹ́misí bẹ́ lé e, ó ń fa fìlà náà, kò ṣí, nítorí bí fìlà yẹn bá ti wọlé, àfi fèrè ìrọ̀lẹ́. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní ohùn òun kò jọ ohùn èèyàn mọ́. Ó ní ìgbà náà ni òun wá mọ bó ṣe rí fún ọmọ tó ń pe ìyá tí kò dáhùn.

Ní wákàtí kan náà, mo wà ní Ọ̀wọ̀, níwájú ilé Onílẹ̀. Ó ti ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ kùtùkùtù pé kí n wá bá òun gbé fìlà pupa dání, pé òun kò lè gbé e lé ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó ní òun kàn fẹ́ jókòó síta fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí àwọn olóyè rí òun, òun yóò wọlé, òun yóò sì dé e padà láàárín yàrá. Ọkùnrin tó dàgbà ju bàbá mi lọ ni, ojú ọmọ ọgbọ̀n ọdún sì ló wà lórí ọrùn rẹ̀. Agogo ń bọ̀ lókèèrè. Ó ṣí fìlà. Irun abẹ́ rẹ̀ funfun gbòò bí òwú.

Ní Ìdí-Ahùn, fìlà já bọ́ lórí Ọmọ́yẹlé fúnra rẹ̀. Ó wo àdá ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ ń sunkún?"

Gbogbo Àná tó wà lábẹ́ kòkó, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Wọ́n gbé ojú sókè. Gbọ́lá rí i, ó ju fóònù sílẹ̀, ó sá wọgbó, a kò sì tíì gbúròó rẹ̀ títí di òní. Wọ́n kó gbogbo fìlà sínú àpò kòkó, wọ́n kó ara wọn sẹ́yìn katakata oko, wọ́n forí lé Ọ̀wọ̀. Nígbà tí wọ́n dé oríta Òkèlúsè, gbogbo wọn di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń retí pé àwọn yóò gbàgbé. Wọn kò gbàgbé.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí Onílẹ̀ sọ ti di wákàtí. Olóyè kan ń kí i, òmíràn ń kí i, kò lè dìde. Mo ń wo ojú rẹ̀ tó ń hunjọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí àyè wá yọ tó fẹ́ wọlé, katakata ti dúró sẹ́nu géètì. Àwọn ará Ìdí-Ahùn sọ̀ kalẹ̀ lórí ṣíṣí, wọn kò pariwo, wọn kò gbé igi, wọn kò gbé àdá. Wọ́n kàn tú àpò kòkó dà sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Fìlà ni, fìlà ni, ó ga dé àyà, wọ́n sì jókòó yí i ká. Kò ríbi gbà wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tiẹ̀ gbé e mọ́.

Ó nawọ́ sí mi. Ọwọ́ náà ti gbẹ. "Jamaldeen, ọmọ mi. Bá mi dé e."

Mo wo fìlà náà. Kò sí èyí tó dára tó o nínú gbogbo iṣẹ́ ayé mi, kò sí ibi tí abẹ́rẹ́ ti ṣì. Mo wo Yẹ́misí. Mo mọ̀ pé ó ti ro ó wò: bí fìlà yìí bá kú, ìyá rẹ̀ kò ní kọjá níbi àtẹ kòkó mọ́ láéláé.  Ó kàn di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

Mo ní, "Igogo ni, Bàbá. Ẹ má bínú." Mo yọ àlùmọ́gàjí mi, mo tú ìrán àtàrí, mo sì fa wáyà náà jáde pátápátá.

Kó tó di pé agogo tún dún, Onílẹ̀ ti kú lórí àga, arúgbó kùjọ́kùjọ́ kan tí orí rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Mi ò ráyè wò ó. Àwọn ọjọ́ ti ń bọ̀. Ẹ̀yin tí wọn kò jí lọ́jọ́ gbé rí, báwo ni n óò ṣe sọ ọ́ fún yín? Kò dún. Àwọn èèyàn kàn bẹ̀rẹ̀ sí jókòó sílẹ̀ lójú títì, lọ́kọ̀ọ̀kan, àárẹ̀ ogún ọdún, àárẹ̀ ọgbọ̀n ọdún gùn wọ́n léjìká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn mìíràn sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Yẹ́misí kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pariwo pé, "Ó rìn! Ẹ̀gbẹ́ àtẹ kòkó ló ti kọ́kọ́ rìn, ó di okùn mú!"  Ọjọ́ ìyá rẹ̀ náà bá a, nítorí ọjọ́ òkú, ọmọ ló ń jogún rẹ̀. Ó ní nínú gbogbo àárọ̀ wọ̀nyẹn, òun gbọ́ ohùn ara òun láti inú etí ìyá òun pé, ẹ káàárọ̀ o, Ìyá, nígbà tí òun ṣì kéré, àti pé ìyá náà ń gbọ́. Gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ́. Ẹnu rẹ̀ ni kò ṣí.

Ìgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ ni tèmi dé. Èmi tí mo rò pé mo kàn ń dé e wò ni.

Ọ̀sán Ọjọ́rú. Maṣíìnì ń lọ. Muslimat ní láti ẹ̀yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà pé, "Bàbá Onífìlà, ẹ fún mi lómi." Mo gbọ́. Ẹsẹ̀ mi kò dúró. Ó sinmi díẹ̀, ó ní, "Jamaldeen, omi." Kò fi orúkọ pè mí rí. Mo gbọ́. Mo ń wo ọwọ́ ara mi tó ń ti aṣọ lọ sábẹ́ abẹ́rẹ́, mo sì ń gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó kàn pe orúkọ mi ni, kò béèrè nǹkan kan mọ́. Mo rán fìlà méjì tán lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n tó wọlé bá mi.

Wọ́n ti pín Ìdí-Ahùn láàárín ara wọn, wọ́n ń dáko tiwọn. Àná kò pọ̀ mọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó kú láìbímọ, ọjọ́ wọn kò rílé lọ. Mo máa ń lọ lóṣù Ògọ́ọ̀sì, n óò dúró lábẹ́ kòkó, n óò ní ẹ kú iṣẹ́ o. Ó kéré tán, mo mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́.

Yẹ́misí ní òun kò lè gbé ibẹ̀. Ó wá bá mi ní Ọ̀wọ̀, ó ní kí n kọ́ òun níṣẹ́. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀dọ̀ èmi, nínú gbogbo èèyàn. Ó ní ẹni tó rán an ló yẹ kó máa rí òun lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun, ó sì tọ́ sí mi. A kì í dé fìlà sórí wò mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa. Igbá mẹ́ta ló wà lórí tábìlì, ńlá, àárín, kékeré, orí wọn ni a ń dé e lé. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá wọ́, kó wọ́.

Ọmọ́yẹlé máa ń ti ilé ìwé dé ní nǹkan bí aago méjì ààbọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé, ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí, kò ní sọ nǹkan kan títí ìyá rẹ̀ yóò fi rí i. Ó pẹ́ kó tó tún kọ́ bí a ṣe ń pe èèyàn. Báyìí, láti ìta ló ti ń ké e, "Ìyá!" Yẹ́misí lè máa ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, oníbàárà lè dúró níwájú rẹ̀, ilé lè máa jó. Yóò ju gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, yóò ní, "Èmi rèé, ọmọ mi."

Èmi máa ń dìde nígbà yẹn, n óò lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó fẹ́ bu omi. Ọmọ náà kì í pè é lẹ́ẹ̀mejì.